Apá Tó Kú Láàárọ̀, Tó Jí Lọ́sàn-án

Bí ẹ bá ní òótọ́ kan nílé tó dá ṣáṣá, tí ẹ ń wá ọ̀nà tí ẹ máa gbà bà á jẹ́, ẹ má wulẹ̀ náwó sí i. Ẹ jókòó tì mí, kí n sọ bí ọkùnrin kan ṣe ba tiẹ̀ jẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi ní ọ́fíìsì ìwé ìròyìn wa, tó sọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ó ní kí n má dárúkọ òun, kí n má sì bo ìwà ẹ̀gọ̀ òun mọ́lẹ̀. Mo ṣèlérí méjèèjì fún un. Èkejì ló rọ̀ mí lọ́rùn jù.

Bíríkìlà ni. Níbi iṣẹ́, Kìíjábọ́ ni gbogbo wọn ń pè é, torí pé bíríkì kì í já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Asọ̀kò á dúró nísàlẹ̀, á pariwo "Gbà!", á ju bíríkì sókè. Kìíjábọ́ tó wà lórí pákó á na ọwọ́ méjèèjì, á hán an, á gbé e sílẹ̀, á tún na ọwọ́. Kì í ronú sí i. Ẹni tó bá dúró ronú, bíríkì ti bọ́ sí orí ẹni ẹlẹ́ni. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, ìyá ẹnikẹ́ni ò sì sunkún nítorí wọn.

Ọjọ́ kan ni aṣojú ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan wá bá wọn níbi iṣẹ́, bàtà dúdú tó ń dán lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ sìmẹ́ǹtì. Ó ní kí wọ́n máa san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Ó ní lọ́jọ́ tí àìsàn tàbí ìjàǹbá bá dá wọn dúró nílé, ilé-iṣẹ́ òun náà á máa san èyí tó pọ̀ jù nínú owó iṣẹ́ wọn fún wọn títí ara á fi yá. Kìíjábọ́ tọwọ́ bọ̀wé, ó sì ń san án láìyẹ̀. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Nígbà tí ara bá le, ẹ ó máa sanwó. Nígbà tí ara ò bá le mọ́, ẹ ó ti rí ẹni tí ẹ ó máa bá jiyàn, ilé ò ní sú yín.

Kìíjábọ́ wá já bọ́.

Kì í ṣe láti òkè, ẹ fọkàn balẹ̀. Láti orí pákó ìsàlẹ̀ pátápátá ni, ibi tí ọmọdé lè fò sílẹ̀ kó máa rẹ́rìn-ín. Àmọ́ orí ló fi gbá irin. Egungun kan ò ṣẹ́, ọgbẹ́ náà ò tó àtàǹpàkò. Òyì ló kù lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá gbójú sókè, ilé á yí. Bó bá gun àkàbà díẹ̀, ilẹ̀ á máa pè é ní orúkọ.

Dókítà ní inú etí ló dàrú, pé ibẹ̀ ni ara fi ń mọ̀ bóyá òun dúró tàbí òun ń ṣubú. Ó ní kò gbọ́dọ̀ gun ohunkóhun, kò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀, ó sì lè tó ọdún kan kó tó lọ.

"Orí ni mo fi gbá irin, etí ni wọ́n ń tọ́jú," Kìíjábọ́ sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nìyẹn."

Ìyàwó rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀, ó ń lọ aṣọ níbi ìfọṣọ ńlá kan tó ń fọ aṣọ ìtẹ́sùn àwọn hòtẹ́ẹ̀lì. Látìgbà tí ọkọ rẹ̀ sì ti jókòó sílé, ó ti gba iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ mọ́ ọn, ó ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì. Bó bá wọlé, á bọ́ bàtà, á na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga kejì, kò sì ní fèsì fún ẹnikẹ́ni títí omi tó gbé kaná á fi hó. Ohun tí wọ́n ń retí owó adójútòfò yẹn fún gan-an nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí obìnrin yìí lè fi iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀.

Wọ́n béèrè fún owó náà. Wọ́n fi ìwé dókítà sí i. Lẹ́tà sì dé, ó ní rárá.

Ìyàwó rẹ̀ kà á sókè nínú kíṣìnì. "'Ẹni tó ń béèrè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún òṣìṣẹ́ wa lórí fóònù pé ara òun le, pé kò sí ìṣòro kankan, pé iṣẹ́ sì ń lọ dáadáa.'" Ó gbé lẹ́tà náà sílẹ̀. "Bàbá àwọn ọmọ, ta lẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún?"

Kìíjábọ́ ronú títí. "Obìnrin kan pè mí."

"Ẹ̀ẹ́n?"

"Ó ní ṣé ara le. Mo ní ara le, a dúpẹ́."

"Ara yín le?"

"Ó ní ilé ńkọ́. Mo ní wọ́n wà dáadáa, kò sí wàhálà. Ó ní iṣẹ́ ńkọ́. Mo ní iṣẹ́ ń lọ, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Iṣẹ́ wo?"

"Kí ni kí n wá sọ?" Kìíjábọ́ fẹ́ bínú. "Obìnrin tí mi ò mọ̀ rí ló ń kí mi. Kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ka àìsàn sílẹ̀ fún un? Ṣé èmi ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni?"

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí wọ́n kọ́ yín dáadáa nílé. Ẹ̀kọ́ ilé dára púpọ̀. Ó kàn lè gba oúnjẹ lẹ́nu yín ni.

Ìyàwó rẹ̀ ò sọ̀rètí nù. Ó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà pé ìkíni ni ọkọ òun ń dáhùn, kì í ṣe ìbéèrè. Wọ́n kọ̀wé padà pé àwọn gbọ́, àwọn kò sì gbà. Ó wá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń parí ìjà láàárín irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ àti àwọn oníbàárà wọn. Wọ́n dá ọjọ́ fún wọn. Obìnrin náà padà sọ́dọ̀ dókítà, ó gba ìwé tuntun. Ó bẹ Asọ̀kò pé kó wá jẹ́rìí. Ó ní kí wọ́n gbé ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí fóònù wá, kí gbogbo èèyàn gbọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"A ò ní pa irọ́ kankan," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Òótọ́ wà lọ́wọ́ wa. Ó tó wa."

Ó tó wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ní Lọ́yà.

Àbúrò ìyàwó ni Lọ́yà, fóònù ló ń tún ṣe. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ torí pé kò sí òfin tí kò mọ̀. Ó ti bá onílé rẹ̀ ṣẹjọ́, ó ti bá oníbàárà rẹ̀ kan ṣẹjọ́, ó ti bá ẹni tó fi ọkọ̀ gbá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣẹjọ́. Gbogbo rẹ̀ pátá ló pàdánù, ìrírí rẹ̀ sì pọ̀ gan-an.

Ọ̀sán ọjọ́ Sunday tó ṣáájú ẹjọ́ ló dé, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń sùn. Ó fi ọ̀rá kékeré kan sórí tábìlì.

"Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fún ara wa," ó ní. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ yín ní irọ́, bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. "Ta ló rí òyì rí?"

"Báwo?"

"Ṣé ó ní àwọ̀? Ṣé wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀? Ẹ máa wọlé síwájú wọn, ojú yín á máa dán, àyà yín á gbòòrò báyìí, ẹ ó wá ní òyì ń kọ́ yín. Wọ́n á ní ẹ lọ sùn."

"Dókítà ti kọ ọ́ sínú ìwé."

"Ìwé! Ojú ni èèyàn fi ń ṣàánú, Bọ̀dá." Ó tú ọ̀rá náà. Aṣọ funfun tí wọ́n fi ń so apá kọ́ ọrùn ló wà níbẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ní ilé oògùn. "Apá ọ̀tún. Ẹ kàn gbé e síbẹ̀ ni. Ẹ ò tiẹ̀ ní sọ̀rọ̀ púpọ̀."

"Àǹtí ẹ ní a ò gbọ́dọ̀ purọ́."

"Ta ní ká purọ́? Ṣé òyì ò sí ni?"

"Ó wà."

"Ṣé ẹ lè ṣiṣẹ́?"

"Mi ò lè ṣe é."

"Ìwọ̀nba rẹ̀ náà nìyẹn. Òótọ́ náà wà, kò kàn ní ara ni. Apá la fẹ́ yá a."

Kìíjábọ́ ní kó gbé aṣọ rẹ̀ kó máa lọ. Lọ́yà lọ, ó gbàgbé aṣọ. Irú ìgbàgbé bẹ́ẹ̀ ò wọ́pọ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀kánjúwà ló pa ọkùnrin yìí. Ìtìjú ni. Ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ láàárọ̀, ọkùnrin gìrìpá, apá bí ẹsẹ̀ tábìlì, tí àwọn aládùúgbò ń kọjá lọ síbi iṣẹ́ tí wọ́n ń kí i. "Ẹ kú ìsinmi o!" Ó mọ ohun tí wọ́n ń sọ bí wọ́n bá yà ní kọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ wíwú jáde lọ, òun ń jókòó. Ó ń wù ú kí nǹkan kan hàn lára òun, ì báà jẹ́ ojú àpá lásán.

Ó gbé aṣọ funfun náà wọ yàrá, ó gbé e kọ́rùn, ó ki apá ọ̀tún bọ̀ ọ́, ó wo dígí. Ó bá a mu. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó ní ó bá òun mu ju aṣọ ìgbéyàwó òun lọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti ṣubú, ó jọ aláìsàn. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. Ó mí kanlẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó tiẹ̀ gbìyànjú ìkérora kan wò, kékeré, ó sì tún un ṣe kó lè dán.

Láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, ìyàwó rẹ̀ jí, ó bá a tó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú apá tó so kọ́rùn.

"Kí lèyí?"

"Ànáà ni," ó ní. "O ò tíì dé láti ibi iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́. Òyì gbé mi ní bálùwẹ̀, mo fi apá gba ilẹ̀. Kémíìsì ló bá mi so ó."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi nígbà tí mo dé?"

"Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Obìnrin náà fọwọ́ kan ìgúnpá rẹ̀, bíi pé ẹyin ni. "Ó ń dùn yín?"

"Kò ṣeé mì."

Ojú rẹ̀ kún fún omi. "Mi ò sí nílé," ó ní. "Mo ń nu ilẹ̀ onílẹ̀, ẹ ń ṣubú nílé." Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì tó ti lọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ náà, ó wọ̀ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ń de bọ́tìnnì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìka rẹ̀ ti wú nítorí omi ọṣẹ, bọ́tìnnì ò tètè wọlé.

Ní gbogbo bọ́tìnnì yẹn ni Kìíjábọ́ láǹfààní láti sọ̀rọ̀. Ó dé tọrùn, kò sọ ọ́.

Asọ̀kò ló wa ọkọ̀ Kìíjábọ́ gbé wọn lọ, kí ìyàwó lè jókòó ti ọkọ rẹ̀. Ó gba àyè lọ́wọ́ fọ́máànù ni, wọ́n ní kó má pẹ́. Ó rí apá náà, ó káàánú, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ayé ò ní pa ẹ́ láyò." Yàrá tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ wà ní àjà kẹta, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè ò ṣiṣẹ́. Ìyàwó Kìíjábọ́ di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, ó ní kó máa wo àtẹ̀gùn nìkan, kó má wo ìsàlẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe gòkè.

Tábìlì gígùn kan ló wà láàárín yàrá náà. Ìyá àgbàlagbà kan tó wọ gíláàsì jókòó sídìí rẹ̀, òun ló máa dájọ́. Ọkùnrin onítáì kan láti ilé-iṣẹ́ adójútòfò jókòó sápá kan, ó tò bíírò mẹ́ta sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò.

Asọ̀kò ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ó sọ bí ọ̀rẹ́ òun ṣe gbìyànjú láti padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, bó ṣe gun àkàbà dé ìdajì, tó di irin mọ́ra tó ń pariwo pé kí wọ́n wá gbé òun sọ̀ kalẹ̀. "Èèyàn tó ti ń rìn lórí pákó bí ológbò, mà. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kójú má baà tì í." Ìyá náà kọ ọ́ sílẹ̀. Asọ̀kò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó dúró.

Wọ́n wá gbé ohùn orí fóònù sí i. 

"Ẹ ǹlẹ́ o, sà. Ṣé ara le?"

"Ara le, a dúpẹ́. Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"A dúpẹ́ sà. Ilé ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa, kò sí wàhálà."

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Iṣẹ́ ń lọ, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ bá mi kí wọn nílé o."

Ìyá náà yọ gíláàsì rẹ̀. Ó yíjú sí ọkùnrin onítáì. "Ọmọ mi, ṣé dáadáa ni?"

"Dáadáa ni, mà," ọkùnrin náà dáhùn kíá.

"Ṣé bó ṣe rí nìyẹn? Ẹjọ́ yìí ń lọ dáadáa fún ẹ báyìí?"

Ọkùnrin onítáì wo bíírò rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí èyí tó ràn án lọ́wọ́.

"Ìkíni nìyẹn," ìyá náà ní. "Ẹ kí i, ó dá yín lóhùn. Ó tiẹ̀ ní kí ẹ bá òun kí wọn nílé. Ṣé ẹ bá a kí wọn?" Ó fa ìwé mọ́ra, ó ń kọ̀wé.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹjọ́ ti parí níbí. Ká ní Kìíjábọ́ lè jókòó jẹ́ẹ́, kó máa mí símú kó máa mí síta, ìyàwó rẹ̀ á ti padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà láì tún fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ ọ́fíìsì kankan mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ló dìde. Ọkàn rẹ̀ ti kún. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo apá rẹ̀. Ànáà yìí náà ni òyì tún gbé e ṣubú. Mi ò sí nílé. Kò ṣeé mì mọ́, èmi ni mo wọṣọ fún un láàárọ̀ yìí. Mi ò lè máa lọ síbi iṣẹ́ kí n máa ronú pé bóyá ó ti kú sí bálùwẹ̀."

Ìyá náà gbójú sókè. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé kò ṣeé mì rárá?"

Ó kù sí Kìíjábọ́ lọ́wọ́. Ó lè sọ pé ó ti ń sàn díẹ̀díẹ̀. Ó lè dákẹ́. Lọ́yà ti sọ fún un pé kó má sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo tó dára tí Lọ́yà tíì gba ẹnikẹ́ni nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń wò ó, wọ́n ń káàánú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti káàánú rẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn.

"Bí igi ló rí, mà," ó ní. "Mi ò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ gún un, mi ò ní mọ̀."

"Àánú yín ṣe mí," ìyá náà ní. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

Ìgbà yẹn ni fóònù Asọ̀kò gbọ̀n lápò rẹ̀. Fọ́máànù ni. Asọ̀kò tọrọ gáfárà wúyẹ́wúyẹ́, ó fà sẹ́yìn sẹ́nu ọ̀nà, ó wá rántí pé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ọ̀rẹ́ òun ṣì wà lọ́wọ́ òun. Ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa wa ọkọ̀ náà padà. Kìíjábọ́ wà ní òdìkejì tábìlì lọ́hùn-ún. Kò sì bójú mu kéèyàn máa gba iwájú àgbà kọjá bó ṣe ń kọ̀wé. Asọ̀kò jẹ́ ọmọlúàbí. Ó ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ọdún mọ́kànlá.

"Kọ́kọ́rọ́ ẹ rèé," ó ní. "Gbà!"

Apá tó ti kú láàárọ̀ jí. Ó fò yọ nínú aṣọ funfun, ó bá èkejì rẹ̀ lókè orí, wọ́n hán kọ́kọ́rọ́ náà, pàá, bí ẹni hán bíríkì. Kìíjábọ́ ò tiẹ̀ tíì yíjú sí ibi tó ti wá.

Kọ́kọ́rọ́ ò já bọ́ o. Ẹ bá mi kí i.

 Asọ̀kò fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Kìíjábọ́ jókòó pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lókè, bí ẹni tí ọlọ́pàá ká mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ó rọra sọ apá ọ̀tún kalẹ̀, ó sì dá a padà sínú aṣọ.

"Ọlọ́run mà tóbi o," ìyá tó ń dájọ́ ní. "Èmi ń ronú abẹ́rẹ́, kọ́kọ́rọ́ ti wò ó sàn."

Ọkùnrin onítáì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní eyín dáadáa. Ó ṣí ìwé àdéhùn, ó ka ibi tó wà nínú rẹ̀ pé bí ẹni tó ń béèrè bá purọ́ síbì kan, gbogbo ìbéèrè rẹ̀ ti bàjẹ́.

"Mà," Kìíjábọ́ ní, "apá ni irọ́. Òyì náà, òótọ́ ni. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, òótọ́ ni òyì náà."

"Ó lè jẹ́ òótọ́," ìyá náà dá a lóhùn. Kò bínú, ìyẹn ló burú jù. Ó yí ìwé tó ń kọ sí i kó lè rí i. "Ẹ kà á. Mo ti kọ ọ́ pé kí wọ́n san owó yín látọjọ́ tí ẹ ti ṣubú. Ó ku kí n fọwọ́ sí i. Ní báyìí, ẹ̀yin lẹ sọ pé òyì ń kọ́ yín. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé apá yín bí igi. Èwo ni kí n gbà?" Ó fa ìlà gígùn kan kọjá lórí ohun tó kọ.

Ìyàwó Kìíjábọ́ ò wo ìwé náà, kò sì wo apá náà. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló tẹjú mọ́, láti ìsàlẹ̀ dé ọrùn. Ó dìde, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà, ó sì jáde.

Kìíjábọ́ sáré tẹ̀ lé e. Níbi àtẹ̀gùn, kò sẹ́ni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó má wo ìsàlẹ̀. Ó wo ìsàlẹ̀. Ó rí ilẹ̀ àjà àkọ́kọ́ nínú àlàfo àárín àtẹ̀gùn, ilẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó di irin mú. Òógùn bò ó. Ògiri ń lọ, àtẹ̀gùn ń bọ̀.

"Ẹ dúró," ó ké. Ọkọ tó ti ń sọ "o" fún ìyàwó rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́ ló wá ń sọ "ẹ" báyìí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá dì mí mú. Òyì ni."

Obìnrin náà dúró nísàlẹ̀ rẹ̀, ó yíjú padà. Látìgbà tó ti wọlé ọkọ, kò sọ "ìwọ" sí i rí, bínú rẹ̀ bàjẹ́ bínú rẹ̀ dùn.

"Ṣé òyì ni," ó ní, "àbí apá lo tún fẹ́ lò?"

Ó wò ó fúngbà díẹ̀. Lóòótọ́, ó wò ó dáadáa, ó ń wá nǹkan kan lójú rẹ̀. Kò rí i. Òyì ò ní àwọ̀. Ó yípadà, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Kìíjábọ́ fìdí jókòó. Ó fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kẹta dé ìsàlẹ̀, ní àtẹ̀gùn kan lẹ́yìn òmíràn, bí ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn, aṣọ funfun ń fì lọ́rùn rẹ̀. Àwọn tó ń gòkè ń yà fún un. Nígbà tó dé ìdí ọkọ̀, ìyàwó rẹ̀ ti tan ẹ́ńjìnnì. Kò bi í pé kí ló mú un pẹ́.

Lọ́yà pè lọ́jọ́ kejì. "Bọ̀dá, ẹ ò bá ti jẹ́ kó já bọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má mikàn, a ṣì lè gbé e lọ sílé ẹjọ́ ńlá." Kìíjábọ́ pa fóònù.

Obìnrin náà ṣì ń nu ọ́fíìsì nírọ̀lẹ́. Ó ti padà sí "ẹ", ó ń dá ọkọ rẹ̀ lóhùn, ó ń fún un lóúnjẹ. Kìíjábọ́ ló ń gbé omi rẹ̀ kaná báyìí kó tó wọlé. Ṣùgbọ́n bó bá ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ nínú ilé, tó di ara ògiri mú, ìyàwó rẹ̀ á dúró wò ó ná. Kì í pẹ́. Á wò ó ná, á tó wá.

Ìwò yẹn ló gbé ọkùnrin yìí wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní ìyàwó òun ń ka ìwé ìròyìn wa nínú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́, pé ojú ewé yìí ló máa ń kọ́kọ́ ṣí. Ó ní òun ti sọ ọ́ fún un lẹ́nu títí, ọ̀rọ̀ ẹnu òun ò tẹ̀wọ̀n mọ́. Bóyá bó bá rí i tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Ó ní kí n bá òun kọ ọ́ báyìí: apá, irọ́ ni. Bálùwẹ̀, irọ́ ni. Ti orí àtẹ̀gùn, òótọ́ ni.

Mo ti kọ ọ́, ìyá àwọn ọmọ. Ó kù sí yín lọ́wọ́.

Nígbà tó fẹ́ máa lọ, mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní, "Ṣé ara le?" Ó ṣí ẹnu láti dáhùn, ó gbójú sókè wò mí, ó sì ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó di férémù ilẹ̀kùn mi mú, ojú rẹ̀ funfun. Mo sáré láti dì í mú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sòótọ́ fún yín, èmi tí mo ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, tí mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀: apá rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò.